Òbìrípo kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá Canal Imperial, Zaragoza: kànálì la ó kọ́kọ́ gbà ni àbí etí Ebro?

Àdùkẹ́_Pẹ́dà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ọgbọ́n yín. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ní Zaragoza, ní Sípéènì. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni mò ń kọjá lórí Canal Imperial de Aragón, kànálì omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, síbẹ̀ mi ò tíì tẹ̀lé e dé ibì kankan rí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti wá pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó tẹ̀lé e láti Casablanca, àdúgbò kan nílùú níbí, títí dé Grisén, níbi tí omi kànálì ti gba orí odò Jalón kọjá. Láti ibẹ̀, a ó bọ́ sí Alagón, a ó sì gba etí odò Ebro padà wálé. Mo wọ̀n ọ́n lórí máàpù, ó ń lọ bíi kílómítà 65.

Kẹ̀kẹ́ gravel, ti ojú ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, ni tèmi, táyà 40 (fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà) ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní túbù. Kẹ̀kẹ́ ìlú lásán ni ti ọ̀rẹ́ mi, táyà 35, ó ní túbù nínú. Kò tíì gun ju kílómítà 30 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Ṣé agbára rẹ̀ á gbé e? Ṣé kànálì ni ká kọ́kọ́ gbà ni àbí etí odò? Ẹnìkan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé pẹrẹsẹ ni gbogbo ẹ̀, pé ọmọdé á gùn ún. Ẹ̀rín tó rín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Bàbá_Ṣéènì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹni tó rín ẹ̀rín yẹn mọ ohun tó ń rín. Kò purọ́ fún ọ, pẹrẹsẹ ni lóòótọ́. Kànálì kì í gun òkè. Tó bá gun òkè, omi rẹ̀ á dúró. Àwọn tó gbẹ́ ẹ dẹ ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ débi pé ojú ò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ni òkè tiyín. Cierzo lorúkọ ẹ̀, ìwọ náà á ti gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Àríwá-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, inú àfonífojì Ebro ló sì ń gbà bọ̀ bí omi tí wọ́n tú sínú páìpù. Ọ̀nà tó ń gbà yẹn gan-an lẹ fẹ́ gùn. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí inú bá bí i, ó ń ju 100 km lọ ní wákàtí kan.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní lórí ọ̀nà yìí: nígbà tí ara bá ṣì le ni kéèyàn dojú kọ afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe oríire pé Zaragoza lẹ ti ń gbéra, ìwọ̀-oòrùn lẹ ó kọ́kọ́ lọ, òun náà ni yóò wá gbé yín bọ̀ wálé.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Alagón ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé Sípéènì. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọrí sí Zaragoza, kẹ̀kẹ́ ń fò. Mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé, "Ah, ọkùnrin yìí ṣì lágbára o!" Ìgbà tí mo yí hándù padà ni mo tó mọ ẹni tó ti ń bá mi wa kẹ̀kẹ́ náà látàárọ̀. Ibi tí mo fi wákàtí kan lé díẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́ta ni mo fi bọ̀. Nígbà tó yá mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń tì í. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn yà mí sílẹ̀ lọ.

Kànálì lẹ kọ́kọ́ gbà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó yẹ ní wíwò, kí ara tó rẹ̀ yín.

ỌmọẸ̀báDò

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn lẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀. Kànálì ga ju odò lọ dáadáa, torí orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n là á gbà kí omi rẹ̀ lè máa ṣàn bọ́ sínú oko tó wà nísàlẹ̀. Kété tí ẹ bá ti jáde nílùú, tí ẹ ń sún mọ́ Garrapinillos lápá ibi tí pápákọ̀ òfurufú wà, gbalasa ni ibẹ̀. Igi wà níbì kan, kò sí níbòmíràn, afẹ́fẹ́ á sì fún yín ní ìgbátí bó ṣe wù ú.

Etí Ebro ń ṣe yín lóore ní tiẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, igi pópílà wà níbẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ síra. Èmi, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ: Monzalbarba, Utebo, Sobradiel, Torres de Berrellén, Alagón. Màá wá gòkè sí Grisén, màá sì gba kànálì bọ̀ wálé pẹ̀lú cierzo lẹ́yìn mi. Ojú ọ̀nà kànálì dán ju tìsàlẹ̀ lọ, ẹ rò ó wò: ojú ọ̀nà tó dán, afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ìgbà tí itan bá ti ń dùn yín. Bí àkàrà gbígbóná ló rí.

Ohun yòówù tí ẹ bá ṣe, ẹ má ṣe gba títì N-232. Òun ló yá jù lórí máàpù láti Alagón sí ìlú, ọkọ̀ ńláńlá ló kún ibẹ̀.

Àǹtí_Wúrà

Afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin méjì yìí. Ta ló ń rántí ọ̀rẹ́ Àdùkẹ́ tí kò gun ju kílómítà 30 rí?

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é tí mo bá mú ẹni tuntun dání. Ibi tó ti lè sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́" ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Lórí òbìrípo yìí, Casetas ni. Ọkọ̀ ojú irin Cercanías C-1 ń ná Casetas sí Miraflores, ó ń gba Utebo, Delicias, El Portillo àti Goya, wọ́n sì ń gba kẹ̀kẹ́ wọ inú ẹ̀. Etí odò ni Casetas wà sí, láàárín Utebo àti Sobradiel. Tí ẹ bá gba etí odò lọ bí ỌmọẸ̀báDò ṣe wí, ẹ ó ti kọjá Casetas kó tó rẹ ẹnikẹ́ni, kò wúlò fún yín. Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ lórí kànálì nígbà ìpadàbọ̀ ńkọ́? Ẹ ó jókòó sábẹ́ igi, ẹ ó máa wo ojú ara yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba kànálì lọ, ẹ ó ti gun bíi kílómítà 45 kí ẹ tó dé Casetas. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí kò mọ́ lára ti máa ń dákẹ́, tí kì í dá èèyàn lóhùn mọ́. Tó bá lè parí ẹ̀, ó dáa. Bí kò bá lè parí ẹ̀, ẹ wọkọ̀.

Kànálì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe nítorí ìdí tí Bàbá sọ.

ỌmọẸ̀báDò

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí, torí èmi nìkan ni mo máa ń gùn. Mo ti mú tèmi kúrò. Pẹ̀lú ẹni tuntun, kànálì ni.

Mẹkáníìkì_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lójú ọ̀run tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti èyí tó wà nínú táyà.

Ọ̀tá kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yìí kéré, ó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òdòdó yẹ́lò kékeré ló ní. Abrojo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko wá, dágunró ni. Èso rẹ̀ ní ìwo, bó ṣe wù kó bọ́ sílẹ̀, ìwo kan á kọjú sókè. Láti ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí èso ti gbẹ, kí ẹ má gun koríko etí ọ̀nà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè, kó dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́, kó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ibi tí èèyàn bá ti yà sínú koríko láti kí ará yòókù ni dágunró ti ń kí i padà.

Àdùkẹ́, tìẹ rọrùn. Táyà tí kò ní túbù ni, oje funfun inú ẹ̀ á dí ihò náà. Àmọ́ ṣé oje ṣì wà nínú ẹ̀? Nínú ooru Zaragoza, láàárín oṣù mélòó kan ló ti gbẹ di awọ. Yọ inú fáàfù, ti igi tín-ínrín bọ̀ ọ́, kí o wo bóyá ó yọ ní tútù. Tó bá gbẹ, tú òmíràn sí i. Bí ẹ̀gún bá gún un lọ́nà, fà á yọ, yí ihò náà sísàlẹ̀ kí oje lè dé bẹ̀, fọn afẹ́fẹ́ sí i, máa lọ.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹ̀gún lára táyà rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì jáde, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé abẹ́ igi, torí ẹ̀gún yẹn fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò tó dá. Ẹ fà á yọ láàárín oòrùn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ti jò, ẹ pààrọ̀ túbù, ṣùgbọ́n ẹ má ti tuntun bọ̀ ọ́ kí ẹ tó yẹ inú táyà wò. Èmi tí mo ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí ṣe àṣìṣe náà. Mo pààrọ̀ túbù lẹ́bàá Pinseque, mo yára, mo ń yangàn fún àwọn tí a jọ ń lọ. Kò tó kílómítà mẹ́rin, ó tún ti jò. Orí ẹ̀gún ti já sínú rọ́bà, kò yọ síta, kò sì hàn sójú. Látìgbà náà, aṣọ òwú kan wà nínú àpò mi. Mo máa fi yí inú táyà po jẹ́jẹ́. Ibi tí òwú bá ti kọ́, ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ẹ má lo ìka, ó máa gé yín.

Túbù méjì fún un, lẹ́ẹ̀ àti abala rọ́bà, irin ìyọtáyà méjì, pọ́ńpù. Kí táyà 35 rẹ̀ le díẹ̀, bíi 45 sí 50 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) tí kò bá sanra púpọ̀, kí ríìmù má fi òkúta gé túbù. Tìẹ lè wà ní 32 tàbí 35, ara á tù ọ́.

Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì, ẹ sún un síwájú. Kì í ṣe torí pé ẹ ó tutù. Amọ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ táyà bí ẹ̀bà, á kún àárín fọ́ọ̀kì, àgbá kẹ̀kẹ́ ò ní yí mọ́. Mo ti fi ọ̀bẹ ìjẹun yọ amọ̀ lára kẹ̀kẹ́ rí.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun o. Mo kàn ń kà á lọ ni, ó wá ń wù mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn tèmi. Ṣé mo lè mú wọn dé Garrapinillos nìkan, ká padà?

Àǹtí_Wúrà

O lè mú wọn lọ. Àmọ́ omi yẹn kò ní ògiri tàbí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ibi púpọ̀, etí rẹ̀ sì dagun. Níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré sí etí rẹ̀, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ti bò ó, yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ ni. Àgbàlagbà tó bá jìn sínú rẹ̀ á wá ibi tó máa gbá mú. Apá oko ni kí wọ́n máa gùn, kì í ṣe apá omi, kí ìwọ sì wà láàárín wọn àti kànálì. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ajá bá ń bọ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má ṣe fi hándù yí gbàgà síbi omi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á fẹ́ sọ òkúta sódò. Jẹ́ kó dúró jìnnà, kó sọ ọ́.

Akoto orí ńkọ́? Dandan ni fún wọn níbi gbogbo, torí wọn ò tíì pé ọdún 16.

Àlejò_Delicias

Kí n fi èyí kún un, torí ó ti ná èèyàn mi kan ní owó. Ẹ̀yin àgbà, lẹ́yìn ìlú, lójú títì ọkọ̀, akoto jẹ́ dandan fún ẹ̀yin náà. Wọn ò gbà kéèyàn ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí lórí kẹ̀kẹ́ ní Sípéènì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ mú fóònù. Òṣùwọ̀n ọtí tí wọ́n fi ń mú awakọ̀ náà ni wọ́n fi ń mú ẹlẹ́kẹ̀kẹ́: 0.25 mílígíráàmù nínú lítà afẹ́fẹ́ ẹnu. Mo mọ bí ilé ọtí Alagón ṣe máa ń pe èèyàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Lójú títì, ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 jìnnà sí yín.

Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kànálì kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ nìkan. Ọkọ̀ àwọn tó ń tọ́jú omi ń gbà á, àwọn àgbẹ̀ náà ń gbà á. Confederación Hidrográfica del Ebro ló ń bójú tó kànálì, tí irin bá sì dábùú ọ̀nà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ẹ padà. Ẹ má fò ó. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, 112.

Bàbá_Ṣéènì

Àdùkẹ́, kó o tó gùn ún, ohun kan wà ní Casablanca tí àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan. Orísun omi kan tí wọ́n fi òkúta kọ́. Wọ́n ń pè é ní Fuente de los Incrédulos, Orísun Àwọn Aláìgbàgbọ́.

Ìtàn ẹ̀ rèé. Láti ayé ọba Carlos V, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n ti gbìyànjú láti fa omi Ebro wá sí Zaragoza, kí wọ́n lè fi bomi rin oko. Iṣẹ́ náà jáwọ́. Ó ju igba ọdún lọ kí àlùfáà kan, Ramón Pignatelli, tó gbà á ní 1772. Ẹ wo ìlú tí òjò ò pọ̀, tó sì ti gbọ́ ìlérí omi láti ìgbà baba ńlá wọn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kànálì wá gùn láti El Bocal lẹ́bàá Tudela títí kọjá ìhín, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílómítà 110, ní 1784 omi dé Zaragoza. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1786, Pignatelli kọ́ orísun yẹn, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta lédè Látìn pé kó lè jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn aláìgbàgbọ́ àti ìtura fún àwọn arìnrìn-àjò. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí èyí. Ẹlòmíràn á dárí jì wọ́n. Òun fi òkúta dá wọn lóhùn, ó wá ní kí wọ́n mumi.

Ọ̀nà tí ẹ ó sì gùn yẹn, ìbaaka ló kọ́kọ́ ni í. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò àti ẹrù lórí kànálì láàárín Tudela àti Zaragoza, ẹranko ni wọ́n fi ń fà á látẹ̀gbẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi ń tẹ̀lé omi láìyà, tí ẹ ó sì rí ilẹ̀kùn omi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè sódò nígbà náà ní Casablanca. Nígbà tí ẹ bá dé Grisén, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Omi ń gba orí omi kọjá níbẹ̀. Ẹ má sáré.

ỌmọẸ̀báDò

Kòkòrò! A gbàgbé kòkòrò. Etí odò ní amùkúrù láti ìgbà tí ooru bá ti dé. Kò ní kó àrùn ojú ràn yín bíi tilé, ṣùgbọ́n ó ń bu ẹran jẹ, ibẹ̀ á wú fún ọjọ́ mélòó kan. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ẹ fi òróró ìlékòkòrò pa ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má dúró sí abẹ́ igi etí odò ní ìrọ̀lẹ́ láti ya fọ́tò.

Omi mímu: lítà méjì fún ẹnìkan, ẹ sì tún un bù ní àwọn abúlé. Kànálì kún fún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lójú ọ̀nà gbogbo, ẹ ò gbọdọ̀ mu ún.

Àdùkẹ́_Pẹ́dà

Ẹ̀yin ará, wàhálà dé. Mo ṣí ojúewé AEMET, àjọ ojú ọjọ́ Sípéènì, ní alẹ́ òní. Lọ́jọ́ Sátidé, afẹ́fẹ́ á máa wá láti gúúsù-ìlà-oòrùn. Òdìkejì cierzo pátápátá. Tí mo bá tẹ̀lé ohun tí ẹ sọ, ó máa tì wá lọ, a ó wá padà bọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ wá. Ṣé ká sún un síwájú ni?

Bàbá_Ṣéènì

Bochorno nìyẹn. Kì í le tó cierzo, ooru ló ń kó bọ̀. Ẹ má sún un. Òbìrípo ni ọ̀nà yín, ọmọ mi. Kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀ ló sọ pé ilé rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀.

Àǹtí_Wúrà

Ohun tí Bàbá ń sọ ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Casetas. Ẹ wọ C-1 láàárọ̀ láti Goya tàbí El Portillo, ẹ wo àsìkò rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Casetas, kí ẹ gun etí odò wá sílùú, Utebo, Monzalbarba, títí dé Zaragoza. Afẹ́fẹ́ á kọjú sí yín, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni, ibi ìsàlẹ̀ ni, igi wà. Ẹ gba Vía Hispanidad gòkè dé Casablanca, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bọ́ sórí kànálì. Láti ibẹ̀ dé Grisén, afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kílómítà bíi 28.

Mi ò ní tàn ọ́: láti Alagón padà sí Casetas, bíi kílómítà 15 tó kù, afẹ́fẹ́ tún kọjú sí yín. Ẹ jẹun dáadáa ní Alagón. Ó sì dáa pé lójú ọ̀nà, ẹ ó kọjá nínú ìlú. Tó bá ti sú ọ̀rẹ́ rẹ níbẹ̀, ilé rẹ̀ kò jìnnà.

Àdùkẹ́_Pẹ́dà

Ẹ kú alẹ́. A ti dé. Kílómítà 66, wákàtí márùn-ún àti àbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi gbogbo.

A wọ ọkọ̀ ní Goya, a bẹ̀rẹ̀ ní Casetas kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Etí odò kò le rárá, a kàn ń sọ̀rọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ náà sì ń fẹ́ sójú bí ẹni tí kò fẹ́ jà. Ní Casablanca, a bá orísun náà. Ọ̀rẹ́ mi kà Látìn yẹn, kò gbọ́ ọ̀kankan, mo wá sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó ní òun náà wà lára àwọn aláìgbàgbọ́, torí òun ò tíì gbà pé òun á dé Grisén.

Lórí kànálì, Bàbá, mo mọ ohun tó ṣe yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Kẹ̀kẹ́ ń fò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara mi.

Kí a tó dé Grisén, táyà ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi jò. Mo yọ ọ́, mo mú aṣọ òwú, mo fi yí inú rẹ̀. Ó kọ́. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan, mo tún yí i, ó tún kọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ rọ́bà náà padà síta ni mo tó rí orí ẹ̀gún, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mẹkáníìkì, ẹ ṣeun gan-an. Tí kì í bá ṣe aṣọ yẹn, túbù kejì á ti lọ.

Ní Grisén, a dúró lórí afárá omi. Omi kànálì ń lọ lẹ́sẹ̀ wa, kò dún. Nísàlẹ̀, odò Jalón ń dún lórí òkúta. A jókòó síbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Láti Torres de Berrellén, ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rántí Àǹtí Wúrà. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, mo lọ síwájú kó lè máa gùn lẹ́yìn mi, a ń lọ ní 12 km ní wákàtí. Amùkúrù kan bù mí jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀, ibi tí ìbọ̀sẹ̀ mi pin sí gan-an. Nínú ọkọ̀ ojú irin ló tó tún sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá táyà 40 lè wọ kẹ̀kẹ́ òun.

Mẹkáníìkì_Ìrọ̀lẹ́

Kó wọn àyè tó wà láàárín táyà àti fọ́ọ̀kì, àti ti ẹ̀yìn náà, níbi tó há jù. Lẹ́yìn tí ó bá fi táyà tuntun sí i, kó ṣẹ́ ku mílímítà mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, nítorí amọ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, 38 ni kó rà. Kó má sì ju túbù tó jò nù, ó ṣeé lẹ̀.